Ṣé kí n kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí odi Elmina?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ ìtàn ni mí n'Òṣogbo. Mo fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ wo odi Elmina ní Gánà, èyí tí àwọn Potogí kọ́ sétí òkun lọ́dún 1482. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí nígbà kan. Ní báyìí, àwọn àlejò ló ń wá wò ó. Mo ti débẹ̀ rí. Yàrá tí wọ́n ń há àwọn obìnrin mọ́ ṣókùnkùn, ooru mú, n ò lè sọ̀rọ̀ títí a fi jáde.

Ọmọ ọdún 13 ni wọ́n. Ṣé ọkàn wọn á gbà á? Àwọn òbí kan sọ pé Igbó Ọ̀ṣun tó wà nítòsí ti tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú ọmọ lọ, kí lẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó wọlé?