Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí gbèsè overdraft yìí
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní UK, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo ti jáde yunifásítì, àmọ́ gbèsè overdraft £1,500, ìyẹn owó tí báǹkì jẹ́ kí n ná kọjá èyí tó wà nínú àkáǹtì mi, ṣì wà lọ́rùn mi. Kò sí èlé lórí rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni báǹkì yóò máa dín iye tí kò lélé kù. Tí àǹfààní yẹn bá tán, èlé lè tó nǹkan bí 40% lọ́dún! Inú àkáǹtì yìí kan náà lowó oṣù mi ń wọ̀, gbèsè sì ń gbé e mì. Ṣé kí n ṣí àkáǹtì mìíràn fún owó oṣù, kí n máa san £100 síbí lóṣooṣù? Mọ́mì mi ní kí n dá àjọ, kí n fi san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò burú, àmọ́ ìgbà wo ni yóò kàn mí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san tiyín tán, báwo lẹ ṣe ṣe é?