Ìfijíṣẹ́ kọ́ ni multicast

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ dá a lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ká máa pe multicast, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan fi ń rán ohun kan náà sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní "ìfijíṣẹ́ ọlọ́pọ̀", torí ọ̀rọ̀ kan náà ló ń dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹlòmíì ní ká kúkú kọ ọ́ ní "mọ́tíkáàsì", ká lọ sùn. Mi ò bá ẹnì kejì yìí jà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe gba rédíò wọlé. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti bá "ìfijíṣẹ́" rò, ẹjọ́ ọ̀hún kò sì ti inú ìwé atúmọ̀ wá. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé kan tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn èdè Yorùbá nígbà ìsinmi.

Àwọn ọmọ pọ̀ ju yàrá kan lọ. A to àpótí Wi-Fi mẹ́rin, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, èyí tí wọ́n ń pè ní mesh, kí ohùn olùkọ́ lè fi multicast ti yàrá tirẹ̀ dé mẹ́ta yòókù. Olùkọ́ ní, "ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀." Ohun tó bọ́ sí yàrá tó jìnnà jù ni "ọk... ọ... kọ̀". Ọmọ kan ní ṣé ọkọ́ ni àbí ọkọ̀, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó wá rú wa lójú ni pé fídíò ńlá ń wọlé wàràwàrà sórí fóònù nínú yàrá yẹn kan náà. Àbúrò kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tákíe wá bá wa wò ó. Ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀, ohùn já gaara. Ó yọ wáyà, ó tún di "ọk... ọ".

Àlàyé tó ṣe ló gbé mi dénú ọ̀rọ̀ èdè. Bí Wi-Fi bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹyọ ẹnì kan, èyí tí wọ́n ń pè ní unicast, ẹni náà gbọ́dọ̀ jábọ̀. Bí àbọ̀ kò bá dé, àpótí á tún un rán. Multicast kò ní àbọ̀. Àpótí á ké e lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá gbọ́, ó gbọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò gbọ́, tirẹ̀ ti bá a. Nítorí kò mọ ẹni tó jìnnà jù láàárín àwọn tó ń gbọ́, ó ní láti rọra fa ohùn rẹ̀ bí akéde tó fẹ́ kí arúgbó inú ìyẹ̀wù gbọ́. Lórí ìgbì Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz, ìyẹn lè jẹ́ mẹ́gábíìtì 1 péré láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí iṣẹ́ tí a rán sí ẹnì kan ń sá 54, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn tiwa, tí a kò fún pọ̀, ń fẹ́ bíi 1.4. A kàn ń da omi àmù gba ojú abẹ́rẹ́ ni. Àpótí kọ̀ọ̀kan á tún un ké fún èyí tó tẹ̀lé e, lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà. Bí fóònù kan bá sì ń tòògbé láti pa bátìrì mọ́, àpótí á kó ìkéde náà pamọ́ títí di àsìkò tí wọ́n jọ dá pé kó máa lajú.

Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tó jíṣẹ́ ló ń jábọ̀. Ìyá rán ọmọ sí ìyá elépo, ọmọ dé, ó lọ jókòó sídìí eré, ẹ̀ ń gbọ́ "Iṣẹ́ tí mo rán ọ ńkọ́?" Akéde tó ń lu agogo káàkiri, ta ló ń bi í bóyá ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́? Nítorí náà, "ìfijíṣẹ́" ti ṣe ìlérí tí multicast kò lè mú ṣẹ. Unicast ni ìjíṣẹ́ tọ́ sí. Èsì tí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ ń dá padà, tí wọ́n ń pè ní ACK, "àbọ̀" ti wà nílẹ̀ fún òun náà, ẹ ṣáà má fa "à" rẹ̀ gùn, kó má di ààbọ̀ wákàtí mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìkéde náà ló wá pín sí méjì. Broadcast ń lọ bá gbogbo ẹni tó wà lágboolé, ìyẹn gbogbo ẹ̀rọ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, wọ́n fẹ́ o, wọ́n kọ̀ o, kì í sì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Mi ò fara mọ́ "ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́" fún un, rédíò ti gba ìyẹn. Multicast wà fún àwọn tó wọ ẹgbẹ́ nìkan. Ẹgbẹ́ náà ni Steve Deering, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, pè é nínú ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì RFC 1112 ní 1989: ẹ̀rọ á wọlé nígbà tó bá wù ú, á jáde nígbà tó bá wù ú, àdírẹ́sì ẹgbẹ́ kò sì ju láti 224.0.0.0 dé 239.255.255.255 lọ. Mo kọ́kọ́ kọ "ìkéde ẹgbẹ́". Ìyàwó mi kà á, ó ní ta ló ń kéde níbẹ̀, ṣé ẹgbẹ́ ni àbí wọ́n ń kéde fún ẹgbẹ́? Òótọ́ ló sọ. "Ìpàdé ẹgbẹ́", ẹgbẹ́ ló ni ìpàdé. Mo wá so ó pọ̀: ìkéfẹ́gbẹ́ fún multicast, ìkéfágboolé fún broadcast. Ó le lẹ́nu, mo mọ̀. "Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́" náà kò rọ̀ nígbà tó dé.

Ní ti mesh, "àwọ̀n" tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe àpótí kọ̀ọ̀kan ní "ojú àwọ̀n", ẹ jọ̀ọ́, ihò tí omi ń gbà kọjá ni ojú àwọ̀n. Ibi tí okùn ti pàdé, kókó ni.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀yọ́, ibì kan wà tí mo ti gbà fún yín. Àbúrò Tákíe fún ohùn náà pọ̀ di kílóbíìtì 64 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì tan ohun kan nínú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń sọ multicast di unicast kó tó bọ́ sáfẹ́fẹ́. Olùgbọ́ mẹ́ta péré la ní, kò wúwo. Láti ọjọ́ náà, ọkọ́ ń dé bí ọkọ́. Kọ̀ǹpútà olùkọ́ ṣì gbà pé ẹgbẹ́ lòun ń ké sí. Lójú afẹ́fẹ́, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́ fún un, àbọ̀ mẹ́ta ló sì ń padà. Kí la ó pe ìyẹn? Mo gbìyànjú "ìsọkédedìjíṣẹ́", ojú tì mí. Ẹ bá mi wá a.