Ológbò mi kò tọ̀ sínú yanrìn mọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, ni mò ń gbé. Akọ ológbò mi ti pa abọ́ yanrìn rẹ̀ tì láti ọ̀sẹ̀ 2. Orí tìmùtìmù ló ń tọ̀ sí. Àná, inú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi ni! Mo rò pé ìyẹ̀fun pákó tí mo fi rọ́pò yanrìn ló ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ó lóṣòó títí, ìtọ̀ tó jáde kò ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ, ó sì ń ké. Ẹ̀rù bà mí, torí ìtọ̀ tó bá há mọ́ akọ ológbò nínú lè pa á kíákíá. A ti ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń lé òórùn ìtọ̀ kúrò lára tìmùtìmù? Ọṣẹ kò ràn án.