Kì í ṣe ‘ìjìnlẹ̀ pápá’, ‘àyè kedere’ ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ dá fún àwọn tó ń fi kámẹ́rà ya àwòrán olú nínú igbó ẹ̀yìn Ẹ̀pẹ́, ‘bàìbàì’ fún ibi tí kò hàn dáadáa bọ́ sójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘ìjìnlẹ̀ pápá’ tí ẹ pe depth of field, ìyẹn bí ibi tó hàn kedere nínú àwòrán ṣe jìn tó láti iwájú sẹ́yìn, kò lè rìn. Gẹ̀ẹ́sì lẹ wọ aṣọ òfì fún. Ta ló máa gbọ́ pápá tí ò ní rántí bọ́ọ̀lù tàbí koríko tí iná ń jó lọ́yẹ́?

Ohun tí a ń sọ gan-an rèé. Ẹ gbé kámẹ́rà full-frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó ojú fíìmù 35mm àtijọ́) àti lẹ́ńsì makró, tí a fi ń ya nǹkan kékeré látòsí, síwájú olú tó hù lára ìtì igi, kí olú náà tóbi lórí sẹ́ńsọ̀, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, bó ṣe tóbi lójú, ìyẹn 1:1. Ní f/8 (ìwọ̀n ojú lẹ́ńsì nìyẹn, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i lojú náà ń há sí i), ibi tó máa hàn kedere láti iwájú sẹ́yìn kò ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ. Etí orí olú á mú ṣáṣá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Ní f/16, ó di bíi mílímítà 2, àmọ́ ojú lẹ́ńsì ti há jù, ìmọ́lẹ̀ á máa fọ́n ká bó ṣe ń gbabẹ̀ kọjá, ibi tó hàn pàápàá kò ní mú ṣáṣá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àyè tóóró yẹn ni mo pè ní ‘àyè kedere’. Ó ṣeé sọ lẹ́nu: “Àyè kedere ẹ ti há jù, dín ojú lẹ́ńsì kù.” ‘Ìdojúkọ’ ní tiẹ̀, fún ibi tí a darí lẹ́ńsì sí kó lè hàn kedere, ti di ìṣòro lẹ́nu oníròyìn, ẹ jẹ́ ká fi fókọ́ọ̀sì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti yíya olú kan lọ́pọ̀ ìgbà, tí a ń sún fókọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó so ó pọ̀ (focus stacking) ńkọ́? ‘Àdàpọ̀ àwòrán’ gbòòrò jù. Mo dábàá ‘àkójọ kedere’, torí ibi tó hàn nìkan ni ètò kọ̀ǹpútà bíi Helicon Focus tàbí Zerene Stacker ń ṣà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Olú tó gba mílímítà 20 láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ẹ bá ń sún fókọ́ọ̀sì ní mílímítà 0.7 ní f/8, á gba àwòrán bí 30. Bí ìsún bá ju mílímítà 1 lọ, ìlà bàìbàì á dábùú orí olú. ISO (bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), shutter (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pẹ́ wọlé tó), white balance (àtúnṣe àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ẹ má fi ọ̀kankan sí ọ́tò, kí àwọn àwòrán náà lè bára mu. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ló sì ń bà á jẹ́ jù: bí olú bá mì lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn pélébé tó tò lábẹ́ orí rẹ̀ bí ojú ewé ìwé á di méjì-méjì. Àárọ̀ kùtù, kí atẹ́gùn tó dìde, ni kí ẹ yà á.

Àwọn pélébé yẹn náà ń fẹ́ orúkọ. Kí a má ṣáà fi ohun tí ẹja fi ń mí pè é. Ẹ̀yin ìyá tó ń já olú tà, kí lẹ ń pè é?