Ẹni tó bá ti fi owó ńlá sílẹ̀ nídìí eré ìdárayá, tàbí tó ṣojú rẹ̀, kó wá sọ ìrírí rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Indy

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wa tún ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ Andrew Luck, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó fẹ̀yìn tì lójijì tó sì fi owó ńlá sílẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní ta ni yóò rí irú owó yẹn tí yóò kẹ̀yìn sí i bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi.

Mo wà ní Lucas Oil Stadium níbí ní Indianapolis ní alẹ́ ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 2019. Mo máa ń ṣe ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ nígbà yẹn, láti fi kún owó iṣẹ́ mi. Eré ìmúrasílẹ̀ fún sáà tuntun ni, Colts, ẹgbẹ́ Luck, àti Chicago Bears. Luck kò tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ pápá ló dúró sí. Eré ń lọ lọ́wọ́ ni ìròyìn bọ́ sórí fóònù pé ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni kan á wo fóònù rẹ̀, á nà án sí ẹni tó jókòó tì í, onítọ̀hún á di orí mú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gun àga ìjókòó lọ sókè nìyẹn níṣojú mi. Nígbà tí eré parí tó ń rìn wọlé lọ, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí. Orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù tí púpọ̀ nínú wọn wọ̀.

Ó dùn mí wọ egungun. Àgbàlagbà kan tí a jọ ń ṣọ́nà, tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù yìí nígbà tó wà ní yunifásítì, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

Luck ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ yunifásítì tó wọ NFL, líìgì ńlá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní 2012. Ní 2016, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́fà tó tó nǹkan bí 140 mílíọ̀nù dọ́là. Láàárín ìgbà yẹn, ìhà rẹ̀ ya, iṣan ikùn rẹ̀ ya, kíndìnrín rẹ̀ ya débi tó fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, orí rẹ̀ gbá tí ọpọlọ fi mì, èjìká ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù sì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wọ pápá rárá ní gbogbo sáà 2017. Ó padà ní 2018, ó ṣe é débi pé wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó padà bọ̀ sípò jù lọ lọ́dún náà. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, ẹsẹ̀ ló tún kù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló jáde bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, omi lójú. Ó ní láti ọdún mẹ́rin ni òun ti wà lẹ́nu ìfarapa, ìrora, ìtọ́jú, kó tún wá di ìfarapa, àti pé ó ti gba ayọ̀ eré náà lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn 2016 tí òun fi ìrora gbá bọ́ọ̀lù, òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í gba ọ̀nà yẹn mọ́. Ó ní òun gbọ́ bí wọ́n ṣe hó lé òun, ó sì dun òun. Ẹni ọdún 29.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ọ̀lẹ, ẹ gbọ́ èyí. Ẹgbẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba nǹkan bí 24.8 mílíọ̀nù dọ́là padà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa mú un lọ. Ó padà sí Stanford, ó kàwé sí i nípa ètò ẹ̀kọ́, ní 2024 wọ́n sì fi í ṣe alákòóso àgbà fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé ìwé náà. Àwọn tó rí ara rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ó yá, ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín.

Físíò Èkó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo ń tọ́jú àwọn eléré ìdárayá l'Ékòó, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tí ẹ sọ yẹn ni mo fẹ́ mú.

Èjìká tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi aṣọ so ọwọ́ náà kọ́ ọrùn. Lẹ́yìn náà ni n óò máa bá a gbé e díẹ̀díẹ̀, òun kò ní í fi agbára kankan sí i. Ọkùnrin tó ń gbé irin ńláńlá tẹ́lẹ̀ á wá máa làágùn nítorí pé ó fẹ́ gbé ife omi dé ẹnu. Òru ló burú jù, kò ní í mọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò fi sùn. Oṣù á máa gorí oṣù. Bí ó bá wá padà sí pápá, tí ẹnì kan tún kọ lù ú, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì máa ń fi ìgboyà wá. Bí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo èjìká.

Mo tọ́jú ọmọbìnrin kan tó ń gba bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lókè òkun. Mi ò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Orúnkún ni. Ìwé àdéhùn tuntun wà nílẹ̀ tó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀, owó tí kò sẹ́ni tó rí i rí nílé wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo ń tẹ orúnkún náà, ó ní, “Àǹtí, tí mo bá bímọ, mo fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ gbé e nílẹ̀.” Mo mọ̀ pé ó ti parí. Àwọn ẹbí rẹ̀ pè mí, wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́, pé èmi ni ó máa gbọ́ tèmi. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́, kí ẹnì kan nínú wọn wá jókòó tì wá nígbà tí a bá ń ṣe ìtọ́jú, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ pé ara ló kọ́kọ́ fọ́. Ashleigh Barty, oníténíìsì ará Ọsirélíà, fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹta ọdún 2022, ẹni ọdún 25. Òun ni nọ́ńbà kìn-ín-ní lágbàáyé nígbà náà, kò sì tíì pé oṣù méjì tó gba ìdíje Australian Open nílé ara rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé òun ti lo ara òun tán, kò sí ohun tó kù tí òun lè fún eré náà mọ́. Mo gbà á gbọ́.

Ọmọ Mókọ́lá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ ohun tó yàtọ̀ díẹ̀.

Mo gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ yìí. Mi ò ní í dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, owó oṣù ò dé. Orúnkún mi wú, wọ́n á gún mi lábẹ́rẹ́ kí n tó wọ pápá, n ò ní í mọ ìrora títí eré á fi parí. Tó bá wá di òru, màá máa fi ògiri rìn lọ sí ilé ìwẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni àdéhùn wá láti òkè òkun, ojúlówó owó, físà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo ní mi ò lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní ṣé mo mọ iye ọmọ tó ń gbààwẹ̀ nítorí físà yẹn? Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo ní, “Bàbá, tí mo bá débẹ̀, wọ́n á yẹ orúnkún yìí wò, wọ́n á dá mi padà. Tí wọn ò bá sì dá mi padà, wọ́n á lò ó tán.” Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí Iléyá fi dé. Ìyá mi nìkan ló gbè mí. Òun ló ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà lálaalẹ́, ó mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo ti kọ́ṣẹ́ sólà báyìí, mò ń so ó sórí ilé kiri Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́: nígbà tí èmi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí n máa mú owó kankan lọ. Gbèsè tí wọ́n jẹ mí wà níbẹ̀ dòní. Kò sí ìbánigbófò, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ wa tó ń fi ẹsẹ̀ tó wú gbá bọ́ọ̀lù lọ, ẹ má kàn ní kó fi sílẹ̀. Ẹ bi í ohun tí yóò jẹ. Ẹ bá a wá iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n Indy

Àbúrò, òótọ́ lo sọ. O kú ìfaradà.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn ìbejì mi ọkùnrin, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí ni wọ́n fi wọ yunifásítì, sikọ́láṣípù ni àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún NFL ti ń wá wo Táyé. Ọkọ mi ti ń ṣírò ilé tí a máa kọ́ sí Ìjẹ̀bú.

Táyé wá bá mi nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, ó ní, “Mummy, orí mi.” Kò sọ̀rọ̀ NFL rárá. Ó ní òun máa ń ka ojú ìwé kan, òun á sì gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Òun ló fi ìtàn Chris Borland hàn mí. Ẹgbẹ́ San Francisco 49ers nínú NFL mú ọmọ náà ní 2014, ó gbá sáà kan péré, ó sì ṣe dáadáa. Ní oṣù kẹta 2015, ẹni ọdún 24, ó ní ó tó. Àdéhùn ọdún mẹ́rin tó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ló fi sílẹ̀, ó sì dá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ìbuwọ́lùwé rẹ̀ padà. Orí rẹ̀ ló rò.

Mo ti mọ orúkọ Dókítà Bennet Omalu tẹ́lẹ̀, ọmọ Ìgbò tó kàwé ní Nsukka. Òun ló yẹ ọpọlọ Mike Webster, agbábọ́ọ̀lù NFL tẹ́lẹ̀, wò ní Pittsburgh ní 2002, tó rí CTE, àrùn ọpọlọ tí ìforígbárí léraléra ń fà. Webster gba Super Bowl, ife-ẹ̀yẹ NFL, lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni ọdún 50 ló kú, ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú kó tó kú. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Boston University yẹ ọpọlọ agbábọ́ọ̀lù NFL 111 tó ti kú wò, wọ́n rí àrùn náà nínú 110. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwọn ẹbí tó fi ọpọlọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ ti ń rí nǹkan lára èèyàn wọn, kò túmọ̀ sí pé gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló ní in. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ni mí.

Táyé fi sílẹ̀. Ọkọ mi bínú, ó sunkún pàápàá, lẹ́yìn náà ló yá owó ilé ìwé. Kẹ́hìndé ní tòun ò tíì dé ibẹ̀, ó ṣì ń gbá a. Mi ò lè fipá mú un, ó ti dàgbà. Físíò, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa ṣọ́ lára rẹ̀?

Físíò Èkó

Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ẹ̀yin náà mọ púpọ̀ níbẹ̀, màá kàn sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè kà á. Kì í ṣe dandan kó dákú kí ọpọlọ tó mì. Ẹ máa wo orí fífọ́, òòyì, èébì, kó máa sá fún ìmọ́lẹ̀, kó máa béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, oorun tó yí padà, ìbínú tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n kọ lù ú, kó jáde ní pápá lọ́jọ́ náà, kó má sì padà títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i. Bí orí bá ń fọ́ sí i, tó ń bì léraléra, tàbí tó ṣòro láti jí i, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Kẹ́hìndé lè fi pa mọ́ fún yín nítorí kí wọ́n má bàa yọ ọ́ kúrò. Ẹ máa bi Táyé léèrè, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé èkejì òun yí padà.