Àwòrán àdìrẹ ò tètè ṣí lórí fóònù

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìkànnì tí mò ń ṣe fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, ń falẹ̀ gan-an. Àwòrán 40 ló wà lójú ewé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 4 MB.

Alákòóso: 160 MB nìyẹn! Dátà oníbàárà ò lè gbé e. Ẹ dín fífẹ̀ wọn kù sí píksẹ́lì 800, kí ẹ sọ wọ́n di WebP (irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́), quality (ìwọ̀n dídára àwòrán) 75. Ẹ má kàn fi CSS (kóòdù tó ń ṣètò ìrísí ojú ewé) sọ wọ́n di kékeré o; fáìlì náà á ṣì wọlé tòun ti ìwúwo rẹ̀. Ẹ wo ilà tín-ín-rín tí wọ́n fi ìyẹ́ fà sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa. Bó bá ń dàrú, ẹ gbé quality sí 85.

Adé: Ẹ fi loading="lazy" (kí àwòrán má tíì wọlé títí òǹwò á fi sún mọ́ ọn) sára àwọn tìsàlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ hàn, ìyẹn á pẹ́ kó tó yọjú. Ẹ kọ width àti height (fífẹ̀ àti gíga) sínú img, kóòdù tó ń gbé àwòrán sójú ewé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ á máa fò sísàlẹ̀ bí àwòrán bá ṣe ń dé.

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ ṣeun. Ṣé kí n pa ojúlówó àwòrán rẹ́?

Alákòóso: Rárá o! Ohun tí WebP bá ti gé sọnù ò ṣeé dá padà.