Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè ṣe ọrun tí mo fọwọ́ gbẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ tí kò fi ní kán?

ỌmọỌlọ́fà
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ọrun kẹta tí màá fọwọ́ ara mi gbẹ́ rèé. Àkọ́kọ́ kán, èkejì wọ́, ṣùgbọ́n èyí dáa gan-an, igi hickory ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà dín díẹ̀, tí mo bá fà á dé ínńṣì 28, agbára tó ń gbà láti fà á ń lọ sí pọ́n-ùn 42, apá méjèèjì sì ń tẹ̀ dọ́gba. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó rí gbọọrọ lásán bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọfà títa ni mo fẹ́ fún, mi ò wá fẹ́ kó dà bíi pé mo kàn gégi lé e lọ́wọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n fi irin gbígbóná ya ewé àti ẹyẹ sẹ́yìn ẹ̀ látòkè délẹ̀, kí n wá fọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ ọ̀gá sí apá kan. Kí lẹ rí sí i? Kí lẹ̀yin máa ń ṣe?

Gbẹ́gigbẹ́gi
Háà, àbúrò, jọ̀ọ́ gbé irin yẹn sílẹ̀ ná!

Tó o bá fa ọrun, ẹ̀yìn ẹ̀, ìyẹn ojú tó kọ sí ibi tó ò ń ta ọfà sí, ńṣe ló ń nà, inú ẹ̀ tó kọ sọ́dọ̀ rẹ ló ń fún pọ̀. Àwọn iṣan tín-ín-tín-ín tó wà nínú igi tó gùn láti orí dé ìdí ló ń gbé gbogbo nǹkan yẹn. Ibi yòówù tó o bá ti fọ̀bẹ tàbí iná gé wọn kọjá lẹ́yìn ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ti ṣí. Mo ti ṣe é rí o, mo ya àpẹẹrẹ ìkarawun ìjàpá sẹ́yìn ọrun kan, ó rẹwà débi pé mo ń fi han àwọn èèyàn kiri, mo fà á bí ìgbà ogún péré, gbà! Ọṣán ò já o, ọrun ṣáà dọ̀pá.

ÀǹtíAláwọ
😂😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ìlà_lílà
Èmi ò gbà pátápátá o. Mo máa ń fi iná ya nǹkan sí ọrun mi, kò sì tíì kán. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ni mo máa ń yà á sí, kì í ṣe ẹ̀yìn, iná ẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀, ó kàn máa pọ́n díẹ̀ ni, kò ní jinlẹ̀.

Gbẹ́gigbẹ́gi
Inú yàtọ̀ sẹ́yìn lóòótọ́, mo gbà. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru yan gbogbo inú ọrun títí táá fi pọ́n bíi búrẹ́dì, ó máa ń jẹ́ kó le sí i, àwọ̀ ẹ̀ sì máa ń dùn-ún wò. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò tíì mọ ibi tí "ó kàn pọ́n" parí sí tí "ó ti jó" ti bẹ̀rẹ̀. Ewé àti ẹyẹ tó fẹ́ yà, kó fi yíǹkì dúdú àti bírọ́ọ̀ṣì kékeré yà á, kó fi shellac (irú fáníìṣì kan) bò ó. Yíǹkì ò gé iṣan kankan.

ỌmọỌlọ́fà
Ẹ ṣé o ẹ̀gbọ́n. Orúkọ ọ̀gá wá ńkọ́? Mo fẹ́ kó jẹ́ ohun tí wọ́n gbẹ́ ni o.

Ọ̀jẹ̀_Ọdẹ
Ibi ìdìmú ni kó o kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ nípọn, kì í tẹ̀, torí náà o lè jó o, o lè gbẹ́ ẹ, o lè ki igi aláwọ̀ mìíì bọ inú ẹ̀. Má kàn sún mọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́ lọ sí apá o, ibẹ̀ ló máa ń kán jù. Gbẹ́ orúkọ náà kó jìn tó mìlímítà kan sí méjì, kó o da ìyẹ̀fun igi dúdú pọ̀ mọ́ epoxy (gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n máa ń po nǹkan méjì pọ̀ ṣe), kó o fi dí i kó ga ju ojú igi lọ díẹ̀, tó bá gbẹ kó o fi sáńpépà há a. Ìyẹ̀fun kọfí náà ṣeé lò.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi, orí méjèèjì ni màá kọ́kọ́ mójú tó. Ìwo tó ń dán lórí ọrun, kò sí oge tó jù ú lọ lójú tèmi, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ torí kì í jẹ́ kí okùn jẹ igi. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: ínńṣì kan àtààbọ̀ tó kẹ́yìn, mo máa fi fáìlì mú ẹ̀yìn ẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ (ibẹ̀ kì í tẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe), màá gé ìwo tó nípọn tó mìlímítà mẹ́fà, màá fi sáńpépà líle há ojú méjèèjì kó le gbá epoxy mú, màá fi acetone (omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná) nù ún torí ìwo máa ń ní ọ̀rá, màá lẹ̀ ẹ́, màá fi kíláàǹpù dì í. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí, wọ́n á fún kíláàǹpù débi pé gbogbo gọ́ọ̀mù á tú jáde, wọ́n á tún wá máa sọ pé epoxy ò dáa. Dì í fẹ́rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni kó o tó gbẹ́ ẹ, kó o sì jẹ́ kí ojú tí okùn máa wọ̀ wà nínú ìwo. Tó o bá fi igi funfun pẹlẹbẹ kan sáàárín ìwo àti ọrun, wàá rí ìlà funfun kan tó máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá rí i á rò pé ọdún mẹ́wàá lo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ 😄. Má jẹ́ kó tóbi jù o, orí tó bá wúwo ń dín ọfà kù lẹ́sẹ̀. Bo imú, eruku ìwo ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, òórùn ẹ̀ ò sì ṣeé fẹnu sọ.

ÀǹtíAláwọ
Ẹ ò tíì mẹ́nu ba awọ ejò! Tó bá ń wu àbúrò pé kí ẹ̀yìn ọrun ní àpẹẹrẹ, awọ ejò ni kó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rẹ ẹ́ sómi títí táá fi rọ̀, ẹ pa gọ́ọ̀mù igi sí ẹ̀yìn ọrun, ẹ tẹ́ awọ lé e, ẹ fi ọwọ́ ti afẹ́fẹ́ jáde láti àárín lọ sí orí, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ fi sẹ́lótéèpù ṣí àwọn ìpẹ́ ẹ̀ kúrò. Kò fi bẹ́ẹ̀ fi agbára kún ọrun o, ẹwà ni tiẹ̀.

Igi_Lásán
Ẹ̀yin náà ẹ rọra o jàre. Àwọn ọrun tí wọ́n rí nínú Mary Rose, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rì lọ́dún 1545 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1982, wọ́n lé ní 130, igi yew ni wọ́n, kò sẹ́ni tó ya ẹyẹ sí wọn. Púpọ̀ jù lọ nínú ìwo tó wà lórí wọn ti jẹrà, àmì ẹ̀ ló kù lára igi. Igi yew fúnra ẹ̀ ti ní àwọ̀ méjì, ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, inú ẹ̀ pupa rúsúrúsú, oge wo lẹ tún ń wá?

ỌmọỌlọ́fà
Ẹ̀gbọ́n, hickory ni tèmi o, àwọ̀ ẹ̀ dà bí ẹ̀kọ 😩

Igi_Lásán
Ó dáa, pa á láró nígbà náà. Ki irun irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò bọ inú fínígà fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta, má dé e pa torí ó ń tú gáàsì. Fi tíì dúdú tó ki pa igi lẹ́ẹ̀kan kó gbẹ, kó o wá fi omi fínígà yẹn pa á, á dúdú lójú ẹ. Dán an wò lára igi tó ṣẹ́kù ná. Omi máa ń jẹ́ kí irun igi dìde, wàá tún fi sáńpépà 320 há a díẹ̀. Tí o ò bá fẹ́ wàhálà, àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa awọ bàtà, èyí tí wọ́n fi ọtí pò, ò ní gbé irun igi dìde tó bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́gigbẹ́gi
Ẹ dákun, kó tó ṣe ìkankan nínú gbogbo èyí, kó fi ọrun yẹn ta ọfà bí ọgọ́rùn-ún ná. Tó bá máa yí padà, kó yí nísinsìnyí. Kó tún rántí pé sáńpépà náà ń jẹ pọ́n-ùn, 42 lè di 40. Àkísà tó bá fi pa epo linseed (epo tí wọ́n fi ń pa igi kó máa dán) sára ọrun, kó tẹ́ ẹ síta kó gbẹ o, kó má ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbiná fúnra ẹ̀.

ỌmọỌlọ́fà
Mi ò mọ èyí o, ẹ ṣé! Ó dáa, ìwo lórí méjèèjì, orúkọ ọ̀gá níbi ìdìmú, àró dúdú, epo. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni màá fi yíǹkì yà. Ìwo wo ni mo máa lò, ti ẹfọ̀n àbí ti màlúù?

Ọ̀jẹ̀_Ọdẹ
Èyíkéyìí. Apá ọ̀dọ̀ ṣóńṣó ni kó o gé, ìsàlẹ̀ ní ihò.